Ìjì ká òrùlé ilé mi ní Adó: báwo ni mo ṣe máa gba owó ìdójútòfò?

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìjì tó jà lánàá lápá ọ̀nà Ìwórókò kò fi ilé tèmi sílẹ̀. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, àmọ́ ó ká páànù ẹ̀yìnkùlé láti orí ilé ìdáná dé orí yàrá méjì, ó gbé e lọ sí àgbàlá aládùúgbò mi. Ọpẹ́ ni pé kò bá ènìyàn. Òjò wá tẹ̀ lé e. Àjà ti mu omi yó, ọ̀kan ti já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ló ní kí n ra ìdójútòfò sórí ilé yìí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Mò ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, àmọ́ ká sọ òtítọ́, mi ò ka ìwé náà rí. Káfíńtà kan ti dé lówùúrọ̀ yìí, ó ní òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la bí mo bá ti rówó igi. Ṣé kí n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀? Ta ni mo máa kọ́kọ́ pè? Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, ó ní àwọn oní-ínṣọ́ránsì mọ ọ̀nà à gbowó, wọn ò mọ ọ̀nà à sanwó.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìdáàmú. Iṣẹ́ alágbàtà ìdójútòfò ni mò ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lọ́la. Tapólì ni kó fi bò ó. Ìwé yín retí pé kí ẹ dá òfò náà dúró kó má pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fi ilé sílẹ̀ gbayawu tí òjò mìíràn tún rọ̀ sí i, wọ́n lè sọ pé ti kejì yẹn kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán kí wọ́n tó dé, kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ẹ gba risíìtì tapólì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá yín ta á kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó fi kún ohun tí ẹ máa bèèrè.

Kí tapólì tó gòkè, ẹ ya fọ́tò. Ẹ yà á láti ìta ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ya inú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àjà tó já lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kí ẹ tó gbá a. Páànù tó wà lágbàlá aládùúgbò, ẹ yà á níbi tó sùn sí, kí ẹnikẹ́ni tó wọ́ ọ kúrò. Ilé àwọn mìíràn tí ìjì náà bà jẹ́ àti igi tó wó lójú ọ̀nà, ẹ ya àwọn náà, torí ẹ̀rí ni pé ìjì jà lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ náà lè fún ènìyàn ní ìwé lórí ìjì ọjọ́ kan bí ọ̀rọ̀ bá le, àmọ́ fọ́tò àdúgbò ni mo máa ń kọ́kọ́ lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó ta ìwé náà fún yín, kí ẹ sì kọ lẹ́tà lónìí. Ìpè nìkan kò tó, ìpè kì í ní ẹ̀dà. Nọ́ńbà ìwé yín, ọjọ́ àti aago tí ìjì jà, ohun tó bà jẹ́, nọ́ńbà fóònù yín, ó tán. Ẹ má tíì kọ iye owó kankan. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí tiyín. Ìwé mìíràn máa ń dá iye ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi sọ, ẹ wò ó nínú tiyín.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo risíìtì ọdún yìí. Ṣé owó ti wọlé kí ìjì tó jà? Láti oṣù kìíní ọdún 2013 ni àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso ìdójútòfò ti mú un le pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ààbò. Bí owó bá wọlé lọ́jọ́ kejì ìjì, ìjì ọdún tó ń bọ̀ ló sanwó fún.

Ọmọ Ọ̀tùn
Wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ lọ ra páànù yín.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Ọmọ Ọ̀tùn, ṣé ẹ ti bèèrè rí tí wọn ò san?

Ọmọ Ọ̀tùn
Ti mọ́tò ni mo ní. Èyí tí a fi ń han ọlọ́pàá lójú títì.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Ẹni tí ẹ bá kọlù ni ìyẹn wà fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ilé.

Káfíńtà Ìfàkì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iwájú àwa káfíńtà ni ìjà yìí sábà máa ń parí sí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹni tí wọ́n bá rán wá máa gbé gun òkè: ṣé ìjì ló ká a ni, àbí ó ti gbó tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ ìjì, ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ogbó, tàbí ikán, tàbí pé ẹni tó kàn án kò kàn án dáadáa, wọ́n á ní kò sí nínú àdéhùn. Ihò ìṣó àti inú igi ló sì máa dáhùn.

Páànù tí ìjì ya, ẹ máa rí i pé ihò ìṣó rẹ̀ fà ya gùn, etí ibi tó ya á mọ́lẹ̀, kò ní ìpẹtà. Lọ́pọ̀ ìgbà ìṣó ṣì wà nínú igi pẹ̀lú fìlà rẹ̀, páànù ló fa ara rẹ̀ yọ kọjá lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé igi àti páànù jọ gbéra, ẹ wo ojú ibi tí igi ti ṣẹ́: funfun ló máa rí, bí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ṣùgbọ́n bí ihò bá fẹ̀ roboto tí ìpẹtà yí i ká, tí ìṣó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni fa ọ̀bẹ yọ nínú ẹ̀kọ, tí igi di ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ti ogbó nìyẹn, kò sẹ́ni tí ẹ máa tàn.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì tó ti lo ogún ọdún sókè, méjèèjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má parọ́ sí i, ẹ má fi pa mọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé: ẹ wo apá iwájú. Ọjọ́ kan náà la kàn án, igi kan náà, páànù kan náà, ó ṣì dúró. Bó bá jẹ́ ogbó nìkan ni, kí ló dé tí ti iwájú kò lọ?

Ìdí tí ti ẹ̀yìn fi lọ, mo lè sọ ọ́ láì tíì débẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í sábà ti òrùlé wálẹ̀. Bó bá ń sáré kọjá lórí rẹ̀, ńṣe ló máa ń fà á sókè, etí ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé. Bí fèrèsé bá tún ṣí sílẹ̀, ti inú náà á máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Mọ̀mọ́, ṣé ẹ̀yìnkùlé yín ò kọjú sí ìlà-oòrùn?

Ẹ sọ fún káfíńtà yín kó rẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì níbi igi tó ṣẹ́, pẹ̀lú ìṣó rẹ̀ lára, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá. Kí ó kó gbogbo páànù jọ sí ibì kan kí ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́.

Ti iye owó: ẹ má gba ìwé tó kan sọ pé "òrùlé, mílíọ̀nù méjì". Kí ó kọ iye ìdì páànù (ogún ni ìdì kan), bó ṣe nípọn tó, iye igi àti gígùn wọn, kílò ìṣó, àjà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì, ó kéré tán. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ páànù lásán lẹ ní tí ẹ wá fẹ́ lọ́ǹgísípáànù aláwọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi èlé rẹ̀ kún un.

Ìyá Ìbejì, Àrámọkọ
Ẹ gbọ́ ti páànù yẹn o! Èmi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí ìjì ká tèmi, àwọn tó ń ra irin àlòkù kọjá, mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kẹjọ ni ọkùnrin oní-ìdójútòfò dé. "Mọ̀mọ́, páànù dà?" Fọ́tò tí mo ní, alẹ́ ni mo yà á, òkùnkùn biribiri, a kò rí ju ojú iná tọ́ọ̀ṣì lọ. Ìdajì ohun tí mo bèèrè ni wọ́n san. Wọ́n tún wá yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn kúrò lára rẹ̀, torí wọ́n ní ara òfò ni owó àlòkù wà.

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì
Ọ̀gá Káfíńtà, ìlà-oòrùn gan-an ni! Fèrèsé ilé ìdáná sì ṣí sílẹ̀, ẹ̀wà ni mò ń sè.

A ti ya fọ́tò, tapólì ti gòkè, lẹ́tà ti lọ. Mo sanwó ọdún yìí ní oṣù kìíní, risíìtì wà lọ́wọ́. Mo wá jókòó ka ìwé náà pẹ̀lú awò ojú mi. Ìjì wà nínú ohun tí wọ́n dárúkọ, ojú ìwé kejì. Ó ní èmi ni máa gbé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún òfò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni ibi tí wọ́n kọ "average" sí. Ìṣirò ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, average tí mo mọ̀ kọ́ nìyí. Mílíọ̀nù méjìlá ni wọ́n kọ pé ilé náà tó. Káfíńtà méjèèjì ti kọ tiwọn, èyí tó kéré jẹ́ ₦2,400,000.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Mà, ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn gan-an lẹ bá yìí. Mílíọ̀nù méjìlá, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn. Lónìí, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé yẹn láti ìpìlẹ̀, èló ni? Sìmẹ́ǹtì, irin, páànù, owó bíríkìlà, gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ilẹ̀ kún un, ìjì kì í gbé ilẹ̀.

Ohun tí "average" ń sọ ni pé bí iye tí ẹ kọ kò bá tó iye tó yẹ, ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ lẹ jọ máa ru òfò náà ní ìwọ̀n tí ẹ fi kọ ọ́ kù, kódà bó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ló bà jẹ́. Ẹ fi iye tó yẹ pín iye tó wà nínú ìwé, kí ẹ fi ìdá yẹn sọ òfò di púpọ̀.

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì
Ọmọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà ní kò lè dín ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì. Méjìlá lórí mẹ́rìndínlógójì, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦2,400,000, ₦800,000 nìyẹn. Yọ ìdá mẹ́wàá, ó ku ₦720,000.

Háà. Ó yé mi. Ì bá má yé mi.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ má tíì sunkún mà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé mìíràn máa ń fàyè sílẹ̀, pé bí àìtó náà kò bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, wọn ò ní lo average. Ẹ wá gbólóhùn yẹn. Èkejì, mẹ́rìndínlógójì yẹn, ẹnu ọmọ yín la ti gbọ́ ọ. Ẹ pe adíyelé, àwọn estate surveyor tó ní ìwé àṣẹ ESVARBON, kí ó díye lé ilé náà fún yín ní ìwé. Ilé alájà kan tó ti pẹ́, tí kò ní mábù, ó lè má tó iye tí ẹnjiníà ń fojú inú wò. Bí loss adjuster, ẹni tí iléeṣẹ́ máa rán wá wo òfò náà, bá gbé iye tó ga jù wá, ẹ ó ní ìwé tí ẹ fi máa dá a lóhùn. Ẹ̀yin ará yòókù, ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó ọdún tuntun, ẹ tún iye yẹn wò. Ẹni tó fi iye 2021 sílẹ̀ títí di àsìkò yìí, ilé ẹ̀ ti ju ìwé ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìkọ̀lé ní Houston
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka èyí láti Texas, ẹ̀rín ń pa mí, torí yìnyín ti lu òrùlé tèmi níbí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ibí kì í ṣe òfin Nàìjíríà o, ẹ má mú un lọ bá wọn ní Adó. Ṣùgbọ́n ìjà náà jọra. Níbí, iye tí onílé máa kọ́kọ́ gbé fún ìjì àti yìnyín sábà máa ń jẹ́ ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé, kì í ṣe ti òfò, ìyẹn sì máa ń pọ̀. Bí ìwé rẹ bá jẹ́ èyí tó ń san iye tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ san iye òrùlé àlòkù, ìyókù á wá lẹ́yìn tí o bá fi risíìtì hàn pé o ti tún un ṣe. Ẹ béèrè bóyá tiyín náà jẹ́ iye tuntun ni àbí àlòkù, torí ìyàtọ̀ rẹ̀ tóbi fún òrùlé tó ti dàgbà.

Bí ìjì bá ti jà, àwọn oní-òrùlé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ á máa kan ilẹ̀kùn kiri: "A ó bá ọ gbé tìrẹ tó yẹ kí o san." Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni Texas ti fòfin de ìyẹn, torí ńṣe ni wọ́n máa ń fi owó náà bọ inú bíìlì.

Káfíńtà Ìfàkì
Irú rẹ̀ wà nílé níbí náà. Ẹni tó bá ní kí n kọ mílíọ̀nù mẹ́ta dípò méjì kí a jọ pín in, mo máa ń lé e ni. Àwọn tó ń wá wò ó mọ iye ìdì páànù tó ń lọ sórí yàrá kan jù mí lọ.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ jọ̀wọ́, ti ulé bàbá mi ńkọ́? Orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé, wọ́n ti kú lọ́dún tó kọjá, àwa ọmọ la ń san owó náà. Ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ká a.

Ayálégbé Bàṣírì
"Ulé"! A mọ ibi tí ẹ ti wá.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ kú àjálù bàbá. Ẹ sọ fún wọn kíákíá pé òfò ṣẹlẹ̀ àti pé bàbá ti di olóògbé, ẹ má fi èkejì pa mọ́. Wọ́n máa fẹ́ mọ ẹni tí òfin fọwọ́ sí láti gba owó ohun ìní olóògbé, ìwé ilé ẹjọ́ lẹ máa fi hàn wọ́n. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ìpàdé ẹbí nìkan kò tó fún wọn.

Ẹni tó bá fi ilé yá owó ní báńkì, ẹ yẹ ìwé wò dáadáa, orúkọ báńkì sábà máa ń wà níbẹ̀, òun sì ni owó lè kọ́kọ́ lọ bá.

Ayálégbé Bàṣírì
Tẹlifíṣọ̀n mi àti máátírẹ́ẹ̀sì tí òjò bà jẹ́, ṣé ìwé lándíláàdì máa san án?

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Rárá. Ilé ni tirẹ̀. Ẹrù yín, ẹ̀yin lẹ máa ra ìdójútòfò tiyín sórí ẹ.

Ìyá Ìbejì, Àrámọkọ
Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, bóyá ẹ ní ínṣọ́ránsì o, bóyá ẹ kò ní. Ìrànwọ́ ni tiwọn, bó bá dé ó dé, àmọ́ orúkọ yín á ti wà níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá sọ bó ṣe lọ.

Loss adjuster wá ní ọjọ́ kọkànlá. Ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó gun òkè fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ni pé, "Mà, igi yìí ti ní ikán díẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, níbi igun ilé ìdáná. Mo wá gbé igi inú ọ̀rá yẹn fún un, èyí tó ṣẹ́ funfun, mo fi páànù tó fà ya hàn án, mo ní kó wo apá iwájú. Ó wò ó pẹ́, ó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí n fọwọ́ sí i; mo kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i, mo tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, ó kọ "ọ̀sán" níbi tí mo sọ pé "ìrọ̀lẹ́".

Adíyelé díye lé ilé náà ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún. Ìdajì nìyẹn, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí n fọwọ́ sí, discharge voucher, ₦720,000 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ fọwọ́ sí i kí n gba èyí tó wà nílẹ̀.

Alágbàtà Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ò fọwọ́ sí i, àbí? Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti gbà pé ó tán nìyẹn.

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì
Mi ò fọwọ́ sí i. Mo kọ lẹ́tà, mo fi ìwé adíyelé kún un, mo ṣe ìṣirò náà sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì mẹ́ta, mo ní bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè gbé e lọ sí NAICOM l'Ábújá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Àná ni ìwé tuntun dé: ₦1,200,000, yọ ìdá mẹ́wàá, ₦1,080,000. Owó tapólì wà lọ́tọ̀. Òun ni mo fọwọ́ sí.

Kò tó òrùlé, ọmọ mi ló máa fi ìyókù kún un. Àbúrò mi tó ní wọn kì í sanwó ti wá ń béèrè nọ́ńbà alágbàtà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Káfíńtà Ìfàkì, káfíńtà tèmi ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Ṣé ẹ lè dé Adó lọ́jọ́ Ajé? Irin tí wọ́n fi ń so igi òrùlé mọ́ ògiri, ẹ mú un dání, èyí tí ẹ̀yin máa kàn, mo fẹ́ kí ó ní in.

Káfíńtà Ìfàkì
Mo ń bọ̀ mà. Aago méje àárọ̀. Ẹ má ta páànù àtijọ́ yẹn kí n tó dé o, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì dára fún ilé adìyẹ.